Ìdáríjì àti Ìdápadà: Àtúntò Ìlú àti Ìjọba ní Nàìjíríà Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, 1970–1979

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, àwọn aṣojú Bìáfrà, tí Philip Effiong ṣe olórí wọn, wá sí Dodan Barracks ní ìlú Èkó láti kéde níwájú ìjọba àpapọ̀ pé àwọn ti túúbá. Báyìí ni ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967 ṣe parí lẹ́yìn oṣù 30. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí iye ẹ̀mí tí ó bá ogun náà lọ. Ìṣirò wọn wà láàárín 500,000 àti mílíọ̀nù 3, ebi àti àìsàn ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ìbọn. Orílẹ̀-èdè tí èyí ṣẹlẹ̀ sí kò tíì pé ọmọ ọdún 10 láti ìgbà tí ó ti gba òmìnira.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn rántí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ètò mẹ́ta ni ìjọba rẹ̀ gbé kalẹ̀: ìlàjà, ìmúpadàbọ̀sípò àwọn tí ogun fọ́n ká, àti àtúnkọ́ ohun tí ogun wó palẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó ti yẹ ètò wọ̀nyí wò sábà máa ń bèèrè bóyá ó yọrí sí rere tàbí kò yọrí sí rere. Ìbéèrè náà kò ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a pò pọ̀ sínú rẹ̀. Ìdáríjì ni ọ̀kan, ìdápadà ni èkejì. Ẹni tí a dárí jì, ọ̀daràn ni a kà á sí kí a tó ṣàánú rẹ̀; ohunkóhun tí ó bá sì rí gbà lẹ́yìn náà, oore ni. Ẹni tí a dá ohun ìní rẹ̀ padà fún, onígbèsè rẹ̀ ni ó san gbèsè. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ka owó náà lójú ẹni tí ó san án. Ìjọba ológun ọdún 1970 lawọ́ nínú ìdáríjì. Nínú ìdápadà, ahun ni. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe àlàyé bí ìyàtọ̀ yìí ṣe hàn nínú ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ètò ìjọba, àti ìdí tí orílẹ̀-èdè náà fi lè gbéra nílẹ̀ láìsan gbèsè náà.

Ohun tí ìdáríjì ṣe

Kò yẹ kí a fojú kékeré wo ìdáríjì náà. Ní ọdún 1970, àwọn oníròyìn òkè òkun kún fún ìbẹ̀rù pé ìpakúpa yóò tẹ̀lé ìṣẹ́gun, wọ́n sì ní ìdí, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Asaba ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, níbi tí àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin tí kò gbé ohun ìjà lọ́wọ́, kò tíì kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìpakúpa irú èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù kò wáyé lẹ́yìn ìtúúbá. A kò gbé àwọn aṣíwájú Bìáfrà lọ sí ilé ẹjọ́ fún ọ̀tẹ̀ kí a sì pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Yunifásítì Nsukka, tí ogun ti sọ di ibùdó àwọn ọmọ ogun, tún ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1970 kan náà. Ukpabi Asika, ọmọ Ìgbò tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ òṣèlú ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe alábòójútó Ìpínlẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, kí ó má baà jọ pé àjèjì ni a fi jọba lé àwọn tí ogun ṣẹ́ lórí.

Síbẹ̀, ìdáríjì náà ní ẹnu ọ̀nà tí ó fún. Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1970 fún un láṣẹ láti lé òṣìṣẹ́ tí ó bá kà sí ẹni tí ó kópa nínú ọ̀tẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nínú iṣẹ́ ológun, a gba àwọn kan padà, a sì ti àwọn kan mọ́lé kí a tó lé wọn. Nínú ètò ìrànwọ́ pẹ̀lú, Gowon kọ̀ láti gba oúnjẹ àti oògùn lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè bíi Faransé, Potogí àti Gúúsù Áfíríkà, àti lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ìjọ Kristẹni tí ó ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ wọ Bìáfrà lóru. Àjọ Àgbélébùú Pupa ti Nàìjíríà ni ó gbé ẹrù náà títí di oṣù Kẹfà ọdún 1970. Ìbínú ìjọba sí àwọn tí ó ran ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́ kò ṣòro láti lóye. Àmọ́ orí ọmọ tí ebi ń pa ni ó balẹ̀ sí.

Ogún pọ́n-ùn

Ọ̀rọ̀ owó ni ìyàtọ̀ tí a ń sọ ti hàn gbangba jù lọ, ó sì yẹ kí a tọ́ ọ láti orísun rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1968, ìjọba àpapọ̀ pa owó bébà Nàìjíríà dà, kí èyí tí ó wà lọ́wọ́ Bìáfrà lè di pépà lásán. Ní oṣù yẹn kan náà ni Bìáfrà gbé owó tirẹ̀ jáde. Fún ọdún méjì gbáko, owó yìí ni àwọn tí ó wà nínú agbègbè ogun fi ń gba owó oṣù, òun ni wọ́n fi ń ra ẹ̀gẹ́ àti iyọ̀, òun ni wọ́n sì ń tọ́jú sí báǹkì. Nígbà tí ogun parí, ìjọba àpapọ̀ kò gbà pé owó ni. Ohun tí ó wá ṣe ni pé kí ẹni tí ó ní owó náà kó o wá, tàbí kí ó fi àkáǹtì tí ó ti lò lásìkò ogun hàn. Iye yòówù kí ó jẹ́, ogún pọ́n-ùn ni yóò gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí alágbàṣe kan bá ní 40 pọ́n-ùn nínú báǹkì, tí oníṣòwò aládùúgbò rẹ̀ sì ní 4,000, 20 pọ́n-ùn ni àwọn méjèèjì gbà. Àwọn tí ó gbèjà ìlànà náà sọ pé ìwé àkáǹtì ti dàrú, pé owó Bìáfrà ti di yẹpẹrẹ nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìníwọ̀n, àti pé bí ìjọba bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, owó Nàìjíríà náà yóò bàjẹ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: kò sí ìjọba kan tí yóò fi owó tirẹ̀ pààrọ̀ owó ọ̀tẹ̀ ní ọ̀kan sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwíjàre tí ó dá lórí owó bébà Bìáfrà kò kan owó tí ènìyàn ti fi pamọ́ sí báǹkì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí pọ́n-ùn Nàìjíríà jẹ́ pọ́n-ùn kan náà ní Enugu àti ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó fọwọ́ kan irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ nígbà ogun, yálà ó fi kún un tàbí ó gbà nínú rẹ̀, bá ti owó Bìáfrà lọ. Ìjọba kò sì pe ogún pọ́n-ùn náà ní gbèsè tí ó san. Ìtọrẹ ni ó pè é.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni Kọmíṣánnà fún Ètò Ìnáwó nígbà náà, títí ó fi fi ipò náà sílẹ̀ ní ọdún 1971. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ ogún pọ́n-ùn ti di ohun tí a fi ń bu ẹ̀yà kan tàbí tí a fi ń gbèjà ẹ̀yà kan, débi pé ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò sọ ọ́ láìgbóná ara. Ìjà ló dé lorin dòwe. Ó yẹ kí a rántí pé ìjọba ológun ni ó fi àṣẹ sí ìlànà náà, pé Gowon ni olórí rẹ̀, àti pé kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ìjọba tí ó tẹ̀lé e tí ó tún un wò.

Ohun tí ó mú kí ìpalára náà jinlẹ̀ ni òfin tí ó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kejì ọdún 1972, ìjọba ṣe òfin tí ó sọ àwọn okòwò kan di ti ọmọ Nàìjíríà nìkan: iṣẹ́ 22 ni ó wà nínú ìpín kìíní tí àjèjì kò gbọdọ̀ ṣe mọ́, wọ́n sì fún àwọn àjèjì di òpin oṣù Kẹta ọdún 1974 láti ta tiwọn. Ohun rere ni kí ọmọ onílé di onílé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní owó lọ́wọ́ láti rà? Ẹni tí ó gba ogún pọ́n-ùn ní ọdún 1970 kò lè wà lára àwọn tí ó ra ilé iṣẹ́ ní ọdún 1973. Kò sí ìdí láti fi èyí pa mọ́ nínú iṣẹ́ tí a fi èdè Yorùbá kọ: àwọn ará Èkó àti àwọn oníṣòwò Yorùbá wà nínú àwọn tí ó jàǹfààní òfin náà jù lọ. Kò sí ẹ̀rí pé a ṣe òfin náà láti fi ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ó tó pé a ṣe é láìbìkítà nípa ẹni tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tọwọ́ rẹ̀.

Ilé tí a fi sílẹ̀

Nígbà tí àwọn ọmọ Ìgbò sá padà sí ilé wọn lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1966 ní Àríwá, wọ́n fi ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn ogun, ìtàn wọn kò rí bákan náà. Ní Èkó àti ní àwọn ìlú Àríwá bíi Kánò, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ilé wọn. Àwọn kan sì bá owó tí aládùúgbò tàbí ìjọba ti ń gbà lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, tí wọ́n kà fún wọn. Èyí jẹ́ ìyàlẹ́nu, nítorí pé ní Kánò ni wọ́n ti pa àwọn ará wọn.

Ní Port Harcourt, níbi tí a kò ti pa wọ́n ní 1966, wọn kò rí ilé gbà. Ìdí rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn òṣèlú. Àwọn ẹ̀yà bíi Ìjọ, Ikwerre àti Ogoni ti ń ráhùn láti ìgbà ìjọba amúnisìn pé àwọn Ìgbò tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ ní Ẹkùn Ìlà-Oòrùn ń jẹ gàba lé wọn lórí. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹ̀dùn náà ní ọdún 1957 sí 1958, ṣùgbọ́n kò dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí a wá dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n rí i pé olú ìlú tí ó jẹ́ tiwọn kún fún ilé tí kì í ṣe tiwọn. Ní ọdún 1969, kí ogun tó parí, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ṣe òfin lórí ohun ìní tí a fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí, 'tí a fi sílẹ̀', yẹ fún àkíyèsí. Ẹni tí ó sá fún ìbọn ni a kà sí ẹni tí ó kọ ilé rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í dànù. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, a san owó díẹ̀ fún àwọn kan, a sì ta ọ̀pọ̀ ilé. Ní ọdún 1979, òfin ìjọba ológun fi èdìdì dì í pé títà náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ohun kan tí ó jọ èyí. Àdéhùn tí ó paná ogun Kírìjì ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 sọ pé kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀. Àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ pàápàá, ogun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé ni ó lé wọn débẹ̀. Ogun Kírìjì parí, ìbọn dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ni ilẹ̀, ta ni yóò san ìṣákọ́lẹ̀, àdéhùn náà kò yanjú rẹ̀ ní ọ̀nà tí ìhà méjèèjì fi gbà. Ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1981, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ láti 1997 sí 2000. Iná tí kò tán láṣọ, àwọn àgbà ti sọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí èékánná.

Bí a ṣe tún ìjọba tò

Bí ìdápadà ṣe falẹ̀ tó, àtúntò ìjọba yá kánkán, nítorí pé ohun tí ìjọba bẹ̀rù jù ni kí ẹkùn kan tún lágbára tó láti yapa. Ọ̀nà kìíní ni pípín àwọn ẹkùn. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìkéde Bìáfrà, ni Gowon ti gé ẹkùn mẹ́rin sí ìpínlẹ̀ 12. Ìjọba Murtala Muhammed sọ wọ́n di 19 ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976. Nígbà náà ni Ìwọ̀-Oòrùn di Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, tí Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn sì di Anambra àti Imo.

Ọ̀nà kejì, tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ, ni owó epo. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ máa ń padà sí ẹkùn tí a ti wà á. Ní ọdún 1970, a sọ ọ́ di 45. Ní ọdún 1971, ìjọba àpapọ̀ kó gbogbo ti inú òkun fún ara rẹ̀. Ní ọdún 1975, 20 ni ó kù. Láàárín àkókò yìí ni epo tí a ń wà kọjá mílíọ̀nù 2 àgbá lójúmọ́, tí iye tí wọ́n ń tà á sì fò sókè lẹ́yìn ogun àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì ní ọdún 1973. Ìjọba tí ó ní irú owó bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ó bá ẹnikẹ́ni dúnàá dúrà. Ibí ni ìdáhùn wà sí ìbéèrè bí orílẹ̀-èdè náà ṣe gbéra láìsan gbèsè: ó ní ohun tí ó lè pín fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà kò di dandan fún un láti dá tẹnìkan padà. Àfárá Onitsha tí ogun wó ni a tún ṣe, a la ọ̀nà, a kọ́ ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó náà ṣòfò: sìmẹ́ńtì tí a pàṣẹ fún, nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, dí èbúté Èkó pa ní ọdún 1975. Àwọn ọmọ ogun tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ kí ogun tó dé ti tó nǹkan bí 250,000 nígbà tí ó parí, ìjọba kò sì rí ọ̀nà tètè dá wọn padà sílé. Gowon ṣèlérí pé ìjọba alágbádá yóò dé ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1974, ó ní kò ní ṣeé ṣe mọ́. Àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1975.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn ọ̀dọ́. Òfin ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973 dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ tí ó bá jáde ní yunifásítì lọ sin orílẹ̀-èdè fún ọdún kan ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wà lára ohun tí ó ṣì kù lójú ọ̀nà nínú ohun tí a dá sílẹ̀ nítorí ìlàjà.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 gba èrò kan náà wọlé. Ó pàṣẹ pé àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ kò gbọdọ̀ nìkan kún inú ìjọba àpapọ̀, àti pé ẹni tí yóò ṣe Ààrẹ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ 19 bá ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, mélòó ni? Ìbéèrè ìṣirò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìlú rú ní ọdún 1979, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ni ó sì dá a. Ìlànà náà so èso: Alex Ekwueme, ọmọ Ìgbò láti Anambra, di Igbákejì Ààrẹ ní ọdún náà, kò tíì pé ọdún 10 tí ogun parí. Ní ọdún 1982, Ààrẹ Shehu Shagari dárí ji Ojukwu, ó sì padà wálé. Ìdáríjì tún ni.

Ohun tí àwọn ará ìlú ṣe fún ara wọn

Owó tí ó gbé ọjà Onitsha, Aba àti Nnewi dìde kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá tó bí ènìyàn ti lè rò. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ó dáwó kọ́ ilé ìwé tí ogun wó, ètò ìkọ́ṣẹ́ ọjà ni ó sì tún sọ àwọn tí kò ní nǹkan di oníṣòwò. Ètò náà yàtọ̀ sí ti Yorùbá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ ni ó máa ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá, òun náà ni yóò sì náwó sí ayẹyẹ ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira. Ní ilẹ̀ Ìgbò, ọmọ ọjà yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìgba owó oṣù. Nígbà tí ó bá pé, ọ̀gá ni yóò fún un ní owó tàbí ọjà láti fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Báyìí ni ogún pọ́n-ùn ẹnìkan ṣe di ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Gbèsè wà nínú ètò yìí, àdéhùn wà, ẹni tí a jẹ sì lè bèèrè níwájú àwọn àgbà. Ohun tí kò sí láàárín ìjọba àti ará ìlú ni.

Gbèsè tí ó ṣẹ́kù

Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní ọdún 1970 láti gbọ́ ẹ̀rí ohun tí ojú rí. Ọdún 1999 ni ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tí Effiong túúbá fún lójú ogun, gbé Ìgbìmọ̀ Oputa kalẹ̀, ìjọba kò sì tẹ ìjábọ̀ rẹ̀ jáde. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Ọbásanjọ́ kan náà sọ ìlékúrò àwọn ológun tí ó jà fún Bìáfrà di ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n lè gba owó ìfẹ̀yìntì. Gowon tọrọ àforíjì ní Asaba ní ọdún 2002. Lẹ́yìn náà, àwọn kan tí ogun pa lára kò tún dúró de oore mọ́. Wọ́n gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí Kóòtù ECOWAS. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ìjọba gbà níbẹ̀ láti san 50 bílíọ̀nù náírà fún àwọn tí ogun náà pa lára, àti 38 bílíọ̀nù mìíràn láti hú àdó olóró tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 11 àti láti tún àwọn ibi tí ó bàjẹ́ kọ́.